Ẹ̀wù Tí Télọ̀ Rán De Ọmọ Ẹ̀

Kí ààrá sán pa mí bí mo bá purọ́! Télọ̀ kan ní Ìlárá tú ẹ̀wù ká níwájú ọmọ ẹ̀, ẹ̀wù gba ẹnu ọ̀nà jáde, ọ̀kadà gba orí ẹ̀ kọjá!

"Bàbá, ta ló ni ín?"

"Ìwọ ni, Toheebat. Látìgbà tí ìyá ẹ ti gbé ẹ lọ sí Kútọnu ni mo ti ń rán tìẹ lọ́dọọdún. Tíṣà ìṣirò ló kọ́ mi: mọ ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, mọ bó ṣe ń gòkè sí, wàá mọ ibi tó dé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gíga ẹ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ, mo ń fi ìka mẹ́rin kún un lọ́dún."

"Ó ti pẹ́ tí mi ò ga sí i mọ́, Bàbá."

"Ta ló sọ fún mi?"

Toheebat wọ ẹ̀wù náà, ó fi gígùn ẹ̀ tó ṣẹ́kù bo bàbá ẹ̀ léjìká.

Àwọn tó ń gbọ́ ìtàn mi pariwo mọ́ mi: "Òpùrọ́, gbéra, gbalé ẹ lọ!"