Táyà Ńlá fún Ọ̀nà Oko

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò rọ̀ mọ́jú, Rótìmí ní kí ìyàwó òun bá òun lọ ra táyà.

Moyọ̀sọ́rẹ kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú. Títì ọlọ́dà nìkan ló wà láàárín ilé wọn àti ọsibítù Ìkéré, síbẹ̀ Rótìmí kò tíì bá a sọdá títì náà lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà tí oyún ti dúró.

“Ṣé èmi ni n óò máa yí táyà náà ni?” ó bi í.

“Ìyá Ayọ̀, ṣáà jẹ́ ká lọ. Mo fẹ́ kó o wà níbẹ̀.”

Ó tẹ̀ lé e. Kò sí ohun tí ó tún fẹ́ bá a jiyàn lé lórí mọ́. Báàgì rẹ̀ àti ti Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ wọn, ti wà ní dídì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilé ìyá rẹ̀ ní Àgbàdo-Èkìtì ni yóò ti bímọ, kò sì ní padà wá. Ó kàn ń wá ọjọ́ tí yóò sọ ọ́ ni.

Rótìmí gun ọkadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ ṣíwájú. Moyọ̀sọ́rẹ wọ Márúwá tẹ̀ lé e, nítorí ó ti búra pé òun kò ní gun ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ló ń pè é: ó kúrú, ó fẹ̀, ó sì ń dún lásán. Ìgbà tí Rótìmí jogún oko kókó bàbá rẹ̀, lápá ìlú Orun, ló rà á. Láti ìgbà náà, bàtà òjò tó ga dé orúnkún ló ń wọ̀ kiri, kódà bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ni yóò lọ sí oko, ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni yóò dé. Kókó tó ń kó bọ̀ kì í kún ike kan. Akọ̀wé tí kò lè fi àdá gé koríko! Ọ̀lẹ gbáà ni, ìyàwó rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tán.

Akínwálé onítáyà yẹ ọkadà náà wò, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà rẹ̀.

“Ọ̀gá, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ò burú o.”

“Kò ga tó. Gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà, síbẹ̀ ó rì sínú ẹrọ̀fọ̀ létí odò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Okùn la fi wọ́ ọ.”

Akínwálé yí oríṣi méjì jáde. “Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, á gé ẹrọ̀fọ̀ bí ọ̀bẹ títí á fi kan ilẹ̀ líle. Àmọ́ á máa jù yín sókè. Èyí tó fẹ̀ yìí ló tóbi jù. Atẹ́gùn díẹ̀ là ń fún un, ó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ṣùgbọ́n á gbé yín ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ ò gbọdọ̀ fi eré yà, ọkadà náà á sì lọ́ra.”

“Kó lọ́ra. Mi ò fẹ́ eré.”

Moyọ̀sọ́rẹ pòṣé. Ọkùnrin tó ń fun fèrè lé arúgbó lórí ní ojú títì!

“Kí lẹ fẹ́ fi kó gan-an?” Akínwálé bi í. “Kókó?”

“Ẹrù tí ò gbọdọ̀ gbọ̀n.”

“Áà, ẹyin ni!”

“Ẹyin kẹ̀?” ni Moyọ̀sọ́rẹ wí láti orí bẹ́ńṣì. “Ta ni yóò gbé ẹyin lé e lọ́wọ́? Ebi ló pa gbogbo adìẹ tó sìn lọ́dún tó kọjá.”

Akínwálé rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Rótìmí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n de tìmùtìmù mọ́ ẹ̀yìn ọkadà náà, kí wọ́n ṣe ibi ìfẹ̀yìntì àti ibi ìdìmú sí i.

“Ẹ bá mi parí ẹ̀ lónìí. Ó lè máà kọjá ọ̀sẹ̀ yìí.”

Nígbà tí wọ́n dè é tán, ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

“Ìyá Ayọ̀, wá jókòó. Rọra.”

Ó ti pẹ́ tí ó ti di ọwọ́ rẹ̀ mú kẹ́yìn. Moyọ̀sọ́rẹ gorí ọ̀pọ̀lọ́ náà. Rótìmí wà á jẹ́jẹ́ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gba inú kòtò, ó gba inú àbàtà. Bí ó bá ti kan gegele kan, á bojú wẹ̀yìn.

“Ṣé ó gbọ̀n ọ́? Ikùn ńkọ́? Ẹ̀yìn ò dùn ọ́?”

“Ẹ̀yìn dùn mí díẹ̀.”

Ó ní kí Akínwálé dín atẹ́gùn kù. Wọ́n tún lọ.

“Báyìí ńkọ́?”

“Bíi pé mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.”

Rótìmí rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ẹrù tí ọkọ rẹ̀ ń sọ tó yé Moyọ̀sọ́rẹ: òun àti oyún inú rẹ̀ ni. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Màmá, ẹ mà rí ọkọ gidi o!” Akínwálé ń pariwo. “Ọkadà tó ń ta pọ́ún-pọ́ún ni mo fi gbé ìyàwó tèmi lọ bímọ, títí dòní ló ń bú mi!”

“Bàbá Ayọ̀ mi nìyẹn,” ni Moyọ̀sọ́rẹ wí. Bí ó bá ti délé, yóò tú báàgì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó lọ ra mọ́ọ̀tì tútù fún ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Nígbà tó padà dé, ó gbọ́ ohùn Rótìmí lẹ́yìn òkìtì táyà, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí fóònù.

“Fọkàn balẹ̀, Joy mi, odò yẹn ò lè dá wa dúró mọ́ lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ bímọ, kò sì ní gbọ̀n ọ́ rárá, mo ti fi Ìyá Ayọ̀ dán an wò.”