Òǹtẹ̀ Mẹ́tàdínlógún

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má já a sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á títí dé gbólóhùn ìkẹyìn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn.

1.
Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Òǹtẹ̀. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe sílíńdà gáàsì ìdáná ló ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le, sùúrù ló gbà. Bí wọ́n bá jó sílíńdà pọ̀ tán, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ kún un, Òǹtẹ̀ á sì rì í sínú ọpọ́n omi ńlá. Á wá máa kà láti oókan títí dé ọgọ́ta. Bí ibì kan bá ń jò, omi á yọ ìfóófòó níbẹ̀. Bí kò bá jò, á fà á jáde, á fi òòlù lu nọ́ńbà tirẹ̀ sí i lọ́rùn: mẹ́tàdínlógún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí òbí wọn kú. Òun ni Òǹtẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ ní ọgbọ́n yìí. "Ẹ má wo ọ̀dà tó ń dán. Ọrùn ni kẹ́ ẹ wò."

Bí aránṣọ ṣe ń wọn èjìká àwọn oníbàárà ló ń sọ fún wọn: "Àbúrò mi kì í purọ́. Tí ẹ ò bá rí mẹ́tàdínlógún, ẹ gbé e padà fún wọn!" Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń yẹ ọrùn sílíńdà wò nílé ìtajà bí ìyá tó ń yẹ ẹ̀yìn etí ọmọ wò bóyá ó wẹ̀.

2.
Lọ́jọ́ kan, máníjà wọlé wá bá a.

"Ọjà ti ń yá ju ọwọ́ wa lọ. Láti òní, nínú mẹ́wàá, ẹyọ kan ni kó o máa rì sómi. Ṣùgbọ́n lu nọ́ńbà sí gbogbo wọn."

"Ọ̀gá, mẹ́sàn-án yòókù ńkọ́?"

"Ṣé kì í ṣe ọwọ́ kan náà ló jó wọn ni? Ọmọ ìyá ni wọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé."

"Ìwé kẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò tó ẹ mọ́? Èmi tí mo fẹ́ fi ẹ́ ṣe ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń yẹ sílíńdà wò!"

Ọ̀rọ̀ ipò yẹn dùn mọ́ Òǹtẹ̀ nínú. Wọ́n fún un ní yàrá tirẹ̀, fáànù kan àti àga tó ń yí. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, á fọwọ́ sí ìwé pé gbogbo sílíńdà ọjọ́ náà ló ti wọ omi. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, ẹyọ kan nínú mẹ́wàá náà ti di ìtàn. Ọpọ́n omi gbẹ táútáú. Àwọn agbálẹ̀ sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí.

3.
Ní ọ̀sán Sátidé kan, Òǹtẹ̀ ń jẹun nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àbúrò mi, sílíńdà mi ti dípẹtà. Mo fẹ́ ra tuntun."

Òǹtẹ̀ dáwọ́ oúnjẹ dúró. "Ẹ dúró ná, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú ọ̀kan wá."

"Kí ni mo ń dúró dè? Mẹ́tàdínlógún kún ilé ìtajà fọ́fọ́. Àbí o ti ya tàwọn olówó sọ́tọ̀ ni?" Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

Òǹtẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ọ̀rọ̀ mì pẹ̀lú òkèlè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra sílíńdà náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Òǹtẹ̀ pinnu pé òun á lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, òun á po ọṣẹ sínú abọ́, òun á fi ìfóófòó rẹ̀ pa á lára wò bóyá ó ń jò. Ọjọ́ Ajé dé, kò lọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé ọṣẹ dé, ẹ̀gbọ́n òun á bi òun pé, "Kí lo tún ń yẹ̀ wò lára ohun tí o ti yẹ̀ wò?" Ìbéèrè yẹn ló ń sá fún. Ó ní ó di Ọjọ́bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, abọ́ ọṣẹ kan péré ni mo ń wí o.

4.
Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, aránṣọ ṣáná láti fi gbé omi ìwẹ̀ kaná. Gáàsì ti ń jò kún ilé ìdáná kó tó jí, iná sì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará ilé kejì ni wọ́n já ilẹ̀kùn tí wọ́n fi gbé e jáde.

Nígbà tí Òǹtẹ̀ dé ọsíbítù, ojú àti ẹnu nìkan ni wọn ò fi báńdéèjì wé.

"Mo wo ọrùn rẹ̀ dáadáa," ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Mẹ́tàdínlógún ni. Àbúrò mi, àwọn kan ti ń ṣe ayédèrú òǹtẹ̀ rẹ. Tètè lọ sọ fún wọn níbi iṣẹ́, kí wọ́n má bà ọ́ lórúkọ jẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Má sunkún. Mo mọ ẹni tí mo tọ́."

Òtítọ́ dé orí ahọ́n rẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn. Ní Ọjọ́ Ẹtì, obìnrin náà kú. Títí èémí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló ń gbèjà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

5.
Iléeṣẹ́ fi ìwé síta pé ọ̀ràn náà dun àwọn, pé àìbìkítà òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló fà á. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, Òǹtẹ̀ jẹ́wọ́ ohun gbogbo.

Máníjà na ìwé ojoojúmọ́ sí wọn. "Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ níbi. Ṣé ọwọ́ mi nìyẹn? Kó mú ìwé tí mo fi pàṣẹ fún un jáde."

Òǹtẹ̀ ò ní ìwé kankan. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Iléeṣẹ́ pààrọ̀ àwọ̀ ọ̀dà sílíńdà, wọ́n sì ń tà á lọ.

Ní báyìí, ó ń gbé abọ́ ọṣẹ kiri láti ilé dé ilé, ó ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n jẹ́ kí òun yẹ sílíńdà wọn wò. Àwọn kan ń ṣílẹ̀kùn. Àwọn kan ò jẹ́ ṣí i. Awakọ̀ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó bi í pé:

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, bàbá."

"Ìgbà tí iléeṣẹ́ rán ẹ ńkọ́, kí lo ṣe?"

Bàbá náà yà fún un, Òǹtẹ̀ wọlé, ó sì fi ọṣẹ pa sílíńdà náà lára. Sílíńdà bàbá náà ni ìkẹtàlá tí ìfóófòó yọ lára rẹ̀.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, bí ọ̀gá bá pàṣẹ tí kò lè kọ sínú ìwé, ẹ má fi orúkọ yín bò ó láṣìírí. Ẹ̀yin oníléeṣẹ́, òǹtẹ̀ tí ẹ ń lù kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹnìkan ń fi ẹ̀mí rẹ̀ gbára lé e láìrí ojú yín. Àwa tí à ń rà, ẹ jẹ́ ká máa béèrè, ká má dákẹ́ nítorí pé a mọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá sì ti ṣàṣìṣe, kó tètè sọ kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ojú ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ló kọ́kọ́ ń bà sí.