Agbẹjọ́rò Olówó

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí Ìsmáílà lọ ṣe intafíù, Gẹ̀ẹ́sì ẹnu ẹ̀ ò sì tíì kún ṣíbí. Iṣẹ́ awakọ̀ ni, nílé ńlá kan ní Igbó Ẹfọ̀n. Kò sí ọkọ̀ tí kò lè wà, àtorí kẹ̀kẹ́ Márúwá dé tírélà. Ṣùgbọ́n Jàmíù, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó sì bá a wáṣẹ́ náà, ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi bi í léèrè ọ̀rọ̀, torí àwọn òyìnbó tó ń ti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí wá ṣòwò nílé ọ̀hún ni awakọ̀ á máa gbé kiri.

Látìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ń wakọ̀ fún ti kógbá sílé, ìyàwó ẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ bùkátà. Obìnrin náà ò ráhùn, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń dun Ìsmáílà jù.

Ìdí nìyẹn tó fi ń lọ sí kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì àwọn àgbà ní Ajah nírọ̀lẹ́. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lò, orúnkún àwọn bàbá àti ìyá sì máa ń kan àgbọ̀n wọn lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé. Olúwafúnminíyì, ọmọbìnrin tó ń kọ́ wọn, kò fara mọ́ kéèyàn kàn máa há ọ̀rọ̀ sórí. Àríyànjiyàn ló fi ń kọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó ní kí wọ́n jiyàn lórí bóyá ó tọ́ kí ẹnì kan lówó tó lè bọ́ odidi ìlú, nígbà tí aládùúgbò ẹ̀ ń wá gààrí.

Wọ́n ṣẹ́ kèké. Ìsmáílà bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó máa bú olówó, ó dúpẹ́. Fàúsátù ẹlẹ́ja, tó máa ń jókòó tì í, bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó máa gbèjà wọn.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́," Fàúsátù ní, "ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bú wọn."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ò gbà.

Ó kọ "greed" sójú pátákó. "Bọ̀ọ̀dá Ìsmáílà, kí nìyẹn?"

"Ojúkòkòrò ni. Ọ̀gá kan tí mo wakọ̀ fún nígbà kan, orúkọ àbísọ ẹ̀ nìyẹn. Á jókòó sínú ilé, á máa fa itan adìyẹ ya. Èmi wà nínú mọ́tò látàárọ̀, omi lásán, kò bù fún mi. Rich man is greed!"

"Greedy," Tíṣà ní.

"Ẹ wáà sọ ọ́ dáadáa bá mi!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Fàúsátù dìde, ó tún gèlè ẹ̀ tó ti ṣá wé.

"Not all," ó ní. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ tán síbẹ̀. "Kì í ṣe gbogbo wọn, Tíṣà. Ẹlòmíì jí lóru ṣiṣẹ́ ni. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́ fún mi."

Tíṣà kọ "deserve" sílẹ̀, ó ní ohun tó tọ́ síni nìyẹn. Fàúsátù ń jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ẹni ń jẹ egungun ẹja.

"Ẹ gbà mí o!" Ìsmáílà ní. "Ta ló gba iṣẹ́ agbẹjọ́rò olówó fún ẹ?"

Orúkọ náà mọ́ ọn lára.

Lẹ́yìn kíláàsì, àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti dán ara wọn wò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìsmáílà jẹ́wọ́ pé òun ní intafíù ní Sátidé. Fàúsátù yíjú sí i.

"Èmi náà ní intafíù ní Sátidé, Bọ̀ọ̀dá Ìsmáílà. Ẹ̀rù ń bà mí. Tí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì mi rẹ́rìn-ín ńkọ́?"

Àánú ẹ̀ ṣe Ìsmáílà, torí ti Fàúsátù tiẹ̀ burú ju tiẹ̀ lọ. Kò bi í níbi tó ń lọ, Fàúsátù náà ò bi í. Ta ló ń sọ ibi tó ti ń wá oore fáyé gbọ́? Ohun tó délé lèèyàn ń fi hàn.

"Gbójú sókè, rọra sọ̀rọ̀," ó ní. "Olówó náà, èèyàn ni, bó tiẹ̀ jẹ́ èèyàn burúkú."

Fàúsátù rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Èmi ni ọ̀gá."

Ojoojúmọ́ ló máa ń fẹ́ ṣe ọ̀gá. Ìsmáílà gbà fún un. Lórí bẹ́ǹṣì nìkan kọ́ ló kúkú ti máa rí ipò jókòó sí, Ọlọ́run tóbi.

"Why you want this work?" Fàúsátù bi í.

"Because I deserve."

Àwọn méjèèjì ò mọ̀ bóyá ó tọ̀nà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ní Fráídè tí wọ́n parí àríyànjiyàn náà, ìhà Ìsmáílà ló borí. Ó bú olówó débi pé Tíṣà fi ọwọ́ bo ẹnu. Fàúsátù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kí Ọlọ́run bá àwọn ṣe é. Ìsmáílà ṣe àmín tọkàntọkàn, fún àwọn méjèèjì.

Ní Sátidé, ìyàwó ẹ̀ lọ ṣẹ́ẹ̀tì fún un, ó sì ṣàdúà sí i lórí. Nígbà tó dé Igbó Ẹfọ̀n, ọkọ̀ ńlá méjì tó ń kó ẹja inú yìnyín dúró sínú ọgbà. Jàmíù pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé. Ẹ má fòyà o. Màdáámù gan-an ò fojú ba oorun lánàá."

Ó ṣílẹ̀kùn pálọ̀ fún un.

Lẹ́yìn tábìlì gbọọrọ kan, Fàúsátù jókòó tòun ti wúrà lọ́rùn, òógùn bò ó nímú, ó dijú, ó ń há ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì tó máa bi awakọ̀ sórí, ló bá lajú, ó rí ẹni tó dúró níwájú ẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun! Bọ̀ọ̀dá Ìsmáílà, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá ṣe é."