Odò Ni Àbí Òkè?

Ìgbà mẹ́rin ni Keith Pascoe ti sá eré Ìyípo Mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin náà ni kò sì parí rẹ̀. Kò sí ọmọ ìlú Kurrajong Flat kankan tó tíì parí rẹ̀ rí. Láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni ẹgbẹ́ eléré ìlú náà ti gbé pátákó kan kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn wọn, wọ́n ní orúkọ ọmọ ìlú tó bá kọ́kọ́ parí ni àwọn yóò kọ síbẹ̀. Pátákó ọ̀hún ṣì funfun báláú. Keith ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, orúnkún rẹ̀ sì ti ń ké láràárọ̀. Ó mọ̀ pé bí kò bá ṣe é lọ́dún yìí, kò ní ṣe é mọ́.

Ohun tó ń bá a jà kò fara sin. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n Keith a máa lá a. Ní ìyípo àkọ́kọ́, á bẹ́ jáde bí ẹni tí oyin ń lé, kò ní jẹun, kò ní mumi. Tó bá fi máa di ìyípo kẹrin, èébì ti dé.

Nítorí náà, lọ́dún yìí, Noelene ìyàwó rẹ̀ ló kọ ètò eré náà sílẹ̀. Òun ló ti ń dúró ti tábìlì oúnjẹ rẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Láti ìgbà òtútù ló ti ń jí rìn pẹ̀lú àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní ìdájí, ara rẹ̀ sì ti fúyẹ́. Keith ní ó dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru.

"Rìn ni kí o máa rìn gun òkè," ni Noelene wí. "Máa jẹ pòtétò sísè kan pẹ̀lú iyọ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ebi ì báà má pa ọ́. Bí o bá ṣì lè sọ̀rọ̀ dáadáa, eré rẹ dára. Bí o bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, o ti ń para rẹ nìyẹn."

"Ta ló kọ́ ọ, ìwọ tí o kò sáré bá bọ́ọ̀sì rí?"

"Mo kà á nínú ìwé."

Ọ̀nà méjì ni eré náà ní. Ọ̀kan lọ sí etí odò, èkejì gba orí òkè, títì ló wà láàárín wọn, kìlómítà mẹ́jọ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni eléré yóò gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, bó bá ṣe wù ú ni kó tò wọ́n, kó ṣá ti parí kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Iwájú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń gbéra, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń padà sí, ibẹ̀ sì ni tábìlì oúnjẹ wà.

Ní aago mẹ́fà àárọ̀, Des, akọ̀wé ẹgbẹ́, mú fèrè dání. Noelene wọ kóòtù òjò Keith tó gùn dé ojúgun, ó di gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn.

"Odò ni àbí òkè?" ni ó bi ọkọ rẹ̀.

"Odò."

Fèrè dún, Keith gbéra. Kì í wẹ̀yìn bó bá ń sáré, ó ní ojo ló ń wẹ̀yìn.

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló ṣe é. Àwọn géńdé ń kọjá lára rẹ̀, ó ń dùn ún, ó sì ń jẹ pòtétò rẹ̀. Nígbà tó padà dé, Noelene ti gbé búrẹ́dì tó fi Vegemite, ìpara dúdú oníyọ̀ nì, ra sílẹ̀ dè é. Òógùn bo Noelene lójú.

"Bọ́ kóòtù yẹn sílẹ̀, oòrùn ti mú."

"Òjò lè rọ̀."

Keith gbójú sókè. Kò sí ìkúùkuu kankan lójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún tó ti gbéyàwó ti kọ́ ọ ní ibi tí kò ti yẹ kí ó jiyàn.

"Odò ni àbí òkè?"

"Òkè."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Noelene wí, inú rẹ̀ sì dùn.

Lẹ́yìn ìyípo kejì, Keith rí i pé èèmọ́ ti lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó rò pé ó lọ tọ̀ nínú igbó ni, kò sì bi í. Lẹ́yìn ìkẹrin, ó yẹ abọ́ pòtétò wò.

"Ogójì ni a sè. Èmi ò tíì jẹ ju méjìlá lọ. Báwo ló ṣe ku mẹ́sàn-án?"

"Àwọn ẹyẹ ìlú yìí ò lójú tì," ni Noelene wí, ó ń nu ẹnu.

Des kọjá pẹ̀lú ìwé tó fi ń sàmì sí àwọn eléré. "Ẹ kú iṣẹ́ o, tọkọtaya! Ẹ̀yin méjèèjì ń ṣe bẹbẹ!" Inú Keith dùn pé Des tún rántí ẹni tó ń bu oúnjẹ.

Ó kọjá ìyípo kẹrin, kò bì. Lẹ́yìn ìkarùn-ún ló jókòó, ó ní ó ti tán.

"Dìde," ni Noelene wí.

"Fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"N kò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti fún ọ. Dìde, Keith! Òkè ló kù fún ọ, àbí?"

"Òkè ni."

"Ó yá, máa lọ." Ó fà á dìde, ó tì í lẹ́yìn, kò sì yọwọ́ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ojú Keith ṣomi. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé obìnrin yìí fẹ́ kí orúkọ náà wà lórí pátákó ju òun alára lọ.

Ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, Keith Pascoe parí Ìyípo Mẹ́fà. Ó sunkún bí ọmọdé. Kò sí ẹnikẹ́ni nídìí tábìlì oúnjẹ wọn, kóòtù òjò nìkan ló wà lórí àga. Des dì mọ́ ọn, ó ń gbá a lẹ́yìn.

"O ṣe é, ọ̀rẹ́ mi! O ṣe é!"

"Pátákó dà? Mo fẹ́ fojú mi rí i."

Des họ orí. "Ó wà nínú ilé. Má fọwọ́ kàn án o, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ."

Keith tiro wọlé, ó dúró níwájú pátákó, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: Noelene Pascoe, wákàtí mẹ́sàn-án àti ìṣẹ́jú kan.