Owó Wilf Ń Pè É, Ó Ń Bú U

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ o. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ń sọ pé, "Ó ti bọ́, kò sí nǹkan tá a lè ṣe sí i mọ́." Àdúgbò wa níbí, l'Accrington nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti ṣẹlẹ̀.

1.

Wilf Entwistle ń nu fèrèsé ilé onílé jẹun. Ọ̀gá ara rẹ̀ ni, kò gbowó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tó fẹ́ ra ọkọ̀ tí yóò máa fi gbé àkàbà kiri, ó lọ yá owó, iléeṣẹ́ ayánilówó náà sì rán ọkùnrin kan wá bá a nílé. Ẹ ṣáà mọ àwọn ará ibí, àlejò ò tíì jókòó tán tí wọ́n á ti gbé omi tíì kaná. Ọkùnrin náà mu ife kìíní, ó mu ìkejì, ó ń jẹ bísíkíìtì Noreen, ìyàwó Wilf, bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ni.

"Ẹ bá mi fọwọ́ sí ti ìnṣọ́ránsì yìí náà," ó wí. "Tí àìsàn bá dá yín dúró, àwọn ni yóò máa san gbèsè yìí fún yín. Láìsí i, ọ̀gá mi lè má yá yín lówó o."

Wilf ò fẹ́ ẹ. Àmọ́ níbí, ìwà àìmọ̀ọ́ṣe gbáà ni kéèyàn bá ẹni tó ń mu tíì lọ́wọ́ nínú ilé ẹ̀ jiyàn. Ló bá fọwọ́ sí i, kò sì kà á. Ọkùnrin náà ò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ta lẹ ń bá ṣiṣẹ́?"

2.

Wilf ń san gbèsè, ó ń san owó ìnṣọ́ránsì mọ́ ọn. Ló bá di ọjọ́ kan, àkàbà yọ̀, Wilf já lulẹ̀, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́. Noreen ní, "Fọkàn balẹ̀, ṣebí a ní ìnṣọ́ránsì." Ó kọ̀wé sí wọn. Èsì tí wọ́n fún un ni pé ẹni tí ọ̀gá kan gbà síṣẹ́ nìkan ló wà fún, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Háà! Wọ́n ta òòyà fún apárí, wọ́n tún wá ń gba owó rẹ̀ lóṣooṣù!

Noreen ní kí àwọn pariwo. Wilf kọ̀ jálẹ̀. "Èmi ni mo fọwọ́ sí i. A kì í ṣe èèyàn tó máa ń rojọ́ kiri." Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, ìgbéraga ni. Ojú ló ń tì í pé wọ́n fi òun ṣe òmùgọ̀. Ó ta ọkọ̀ náà kó lè san ìyókù gbèsè. Kò pẹ́ sígbà yẹn, iléeṣẹ́ ayánilówó ọ̀hún kógbá sílé.

Nígbà tí ẹ̀yìn Wilf wá san, kò sí ọkọ̀ tó máa fi ṣiṣẹ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní àwọn á dúró dè é títí òtútù á fi lọ, pé tí kò bá wá, àwọn á gbéṣẹ́ fún ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀, fèrèsé nìkan ló mọ̀ ọ́n nù láyé yìí.

3.

Noreen lọ bá àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ìlú. Wọ́n ní àjọ kan wà tó máa ń sanwó fún àwọn oníbàárà iléeṣẹ́ tó ti kú, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó gbé ìwé fún Wilf. Ẹ gbọ́ o, Wilf tún fọwọ́ sí i láìkà á! Noreen sì fi ránṣẹ́ sí àjọ náà.

Lásìkò yẹn, fóònù ilé gbogbo wa ò sinmi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun, àwọn tó ń fi báni gba owó padà ṣòwò á pè: "Ṣé ẹ ti ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀yáwó rí? A máa bá yín gba owó yín, ìdámẹ́ta péré la máa mú níbẹ̀!" Gbogbo wa là ń bú wọn. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ àjọ yẹn wá pe Wilf láàárọ̀ ọjọ́ kan ńkọ́?

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì yín ni mo..."

"Olè! Ẹ ò níṣẹ́ ni? Òkú iléeṣẹ́ lẹ fẹ́ lọ gbowó lọ́wọ́ ẹ̀? Ẹ wábi jókòó sí jàre!" Ó pa fóònù mọ́ ọn létí. Ọkùnrin náà tún pè, ó tún bú u.

Lẹ́tà ló dé gbẹ̀yìn: tí Wilf ò bá dá wọn lóhùn, wọ́n á pa ẹjọ́ náà tì. Noreen kà á tán, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹkún ló ń sun.

"Wilf, ta lo bú lórí fóònù?"

"Àwọn oníjìbìtì yẹn ni."

"Owó ọkọ̀ ẹ lo bú! Èmi ni mo bá ẹ wá a, o sì fọwọ́ sí i!"

"O ò sọ fún mi."

"O ò bá kà á, olóríkunkun!"

4.

Noreen fi nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà náà pè wọ́n, ó gbé fóònù lé Wilf lọ́wọ́. Ọkùnrin tí Wilf bú lọ́jọ́ yẹn ló gbé e.

"Èmi... èmi ni mo pè yín lólè. Ẹ má bínú."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Tiyín ṣì dáa, sà. Ìyá àgbà kan ní kí n lọ kú síbì kan. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ra ìnṣọ́ránsì náà, ta lẹ ń bá ṣiṣẹ́?"

"Ara mi ni. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò níléèwé."

"Ẹni tó tà á fún yín, ṣé ó bi yín?"

"Kò bi mí ní nǹkankan."

"Kò yẹ kí wọ́n tà á fún yín rárá nìyẹn. Ẹ̀bi yín kọ́, sà."

Látìgbà tọ́rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún Wilf rí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, omi ti kún ojú rẹ̀. "Noreen, ó ní ẹ̀bi mi kọ́."

Àjọ náà dá owó ìnṣọ́ránsì tó ti san padà fún un, owó náà sì wọlé kí òtútù tó lọ. Kò tó ra ọkọ̀ tuntun, àmọ́ ó ra àlòkù tó dáa. Àwọn oníbàárà kan ti lọ, ìyẹn ò ṣeé tún ṣe. Àwọn tó dúró pọ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Lówùúrọ̀ òní, kí n tó jókòó kọ èyí, fèrèsé mi ló ń nù, ó ń súfèé.

Ìkìlọ̀ mi rèé o. Má fọwọ́ sí ohun tó ò kà nítorí pé ojú ń tì ẹ́. Bí ẹnì kan bá pè ẹ́ nípa owó, má bú u, má sì gbà á gbọ́; wá nọ́ńbà wọn gidi fúnra ẹ, kó o pè wọ́n padà. Bí iléeṣẹ́ tó rẹ́ ẹ jẹ bá ti kú, bèèrè bóyá ẹ̀tọ́ rẹ ṣì wà láàyè. Má jẹ́ kí ìtìjú pa ẹ́ lẹ́nu mọ́ bó ṣe pa Wilf lẹ́nu mọ́ títí ọkọ̀ rẹ̀ fi lọ. Àwọn àgbà ò parọ́: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.