Ìyẹ́ Páálí

Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì Fọlárìn ṣe dorí kodò tó já sínú koríko, àtẹ́wọ́ gba pápá iléèwé kan. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún ayọ̀. Àwọn ṣọ́jà tó jókòó sábẹ́ kánópì kàn juwọ́ sí ọmọ náà pé kó máa lọ. Ọmọ tí tirẹ̀ bá fò tààrà ni wọ́n ń kó lọ sí bodè, kó lọ máa ṣe èyí tó ń pààyàn. Àwọn tí wọ́n kó lọ lọ́dún tó kọjá, ẹnikẹ́ni ò tíì gbúròó wọn.

Ó wá kan Ìbídùn, ọmọ kíláàsì kẹrin. Ọkàn tíṣà wọn, Àǹtí Adédoyin, balẹ̀. Òfin ló ní kó kọ́ wọn ní rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣíṣe, ó sì kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lánàá, nígbà tí wọ́n ti lọ sílé, ó yọ́ lọ tẹ ìyẹ́ páálí tó wà nídìí rọ́kẹ́ẹ̀tì Ìbídùn kó lè wọ́, kó má baà fò tààrà.

Wọ́n ṣáná sí i. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà gbéra, ó fò tààrà bí ọfà, títí ojú ò fi tó o mọ́.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ àfi àwọn ará abẹ́ kánópì.

Ìbídùn sáré wá, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Àǹtí, ìyẹ́ rẹ̀ ti wọ́ nígbà tí mo dé láàárọ̀. Mo tún un ṣe bí ẹ ṣe kọ́ wa!"

Ọ̀gá ṣọ́jà ti dìde. "Ọmọ dáadáa. Ta ló kọ́ ẹ?"

Tìyangàn-tìyangàn ni Ìbídùn fi nawọ́ sí tíṣà rẹ̀.