Ìpè Ọmọ Mi

Akéde ká ṣòkòtò kọjá orúnkún, ó ń la omi lọ sílé ìyá rẹ̀. Lórí òkè, àwọn àgbẹ̀ jókòó ti àpò àgbàdo wọn tó gbẹ táútáú.

“O ṣeun, ọmọ dáadáa! Ohùn ẹ lórí fóònù ló kó wa yọ!”

Bí odò bá ti fẹ́ kún, ẹ̀rọ ọ́fíìsì tí Akéde ti ń ṣiṣẹ́ á fi ìkìlọ̀ tí Akéde ti fi ohùn ara rẹ̀ gbà sílẹ̀ pe gbogbo àgbẹ̀. Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ náà wà lára àwọn tí ẹ̀rọ náà ń pè.

Orí tábìlì ló bá a, àgbàdo rẹ̀ ń léfòó káàkiri yàrá.

“Màámi, ṣé fóònù yín ò dún ni?”

“Ó dún o! Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Láti ìgbà tá a ti gbin àgbàdo yìí, o ò pè mí rí.”

“Ẹ ò wá gbọ́ ohun tí mo sọ?”

“Bí mo ṣe gbọ́ ‘ẹ kú iṣẹ́ o’ ni mo ti ń kí ẹ, tí mò ń béèrè àwọn ọmọ. O ò dá mi lóhùn, o ṣáà ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo ní ọwọ́ ọmọ mi dí. Mo bá pa á, mo ní tó bá ráyè, á pè padà.”

Ìyá rẹ̀ fa fóònù náà yọ láyà. Ó ti fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú gbogbo ilé, fóònù yẹn nìkan ni omi ò kàn.